TÁBÀ HAVANA: OWÓ Ń JÓNÁ, BỌ̀RỌ̀KÌNNÍ Ń RẸ́RÌN-ÍN

Níbi ayẹyẹ àwọn olówó l'Ékòó lóde òní, nǹkan kan wà tí wọ́n fi ń dá bọ̀rọ̀kìnní mọ̀. Kì í ṣe aṣọ, nítorí aṣọ ẹbí ti sọ gbogbo èèyàn di ọgbọọgba. Kì í ṣe mọ́tò, torí ìta ni mọ́tò ń gbé, kì í bá olówó ẹ̀ wọ gbọ̀ngàn. Tábà wíwé ni, èyí tó ki bí àtàǹpàkò, tí òyìnbó ń pè ní cigar. Bí ọtí bá ti dé orí tábìlì, tí onílù bá ti ki èèyàn mẹ́ta mẹ́rin, ọ̀gá náà á ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, á fa nǹkan ọ̀hún yọ, á gé orí ẹ̀, á ṣáná sí i. Kíá, gbogbo ojú á kọrí síbẹ̀.

Ohun tí wọn kì í sọ síta ni pé àwọn kan wà nínú wọn tí kò gbádùn ẹ̀ rárá. Ikọ́ á máa gbọ̀n wọ́n lábẹ́lẹ̀, omi á máa lé ròrò lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní èéfín ló kó sí àwọn lójú. Àbí kí ni kí wọ́n ti wí? Ọ̀kan ṣoṣo péré nínú èyí tó wọ́n jù, owó ẹ̀ ju ₦70,000 tíjọba àpapọ̀ fi ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ lọ́dún 2024. Ta ló máa náwó tó tóyẹn tán tó máa jẹ́wọ́ pé ẹnu òun ń korò?

Èyí tó tún wá burú ni pé òmíì nínú ohun tí wọ́n ń mu ọ̀hún, ayédèrú ni. Owó gidi ni wọ́n san, ẹnu gidi ni wọ́n fi fà á, ṣùgbọ́n àjákù ewé tí wọ́n gbá nílẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí tolówó tòṣìṣẹ́ mọ bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń tọ́ tábà wò, bí wọ́n ṣe ń já ayédèrú, àti ohun tí èyí tó jẹ́ ojúlówó pàápàá ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀.

IBI TÓ TI ṢẸ̀ WÁ

Tábà wíwé tórúkọ ẹ̀ ń dún jù láyé, orílẹ̀-èdè Kúbà ló ti ń wá. Havana ni olú ìlú wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní tábà Havana. Kí òyìnbó kankan tó dé erékùṣù náà làwọn Taíno, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń wé ewé ọ̀hún mu. Lóṣù kọkànlá ọdún 1492, Christopher Columbus rán ọkùnrin méjì wọ inú ìlú lọ, Rodrigo de Jerez àti Luis de Torres. Ìròyìn tí wọ́n mú bọ̀ ni pé àwọn rí tọkùnrin tobìnrin tí wọ́n mú ewé tó ń jóná dání, tí wọ́n ń fa èéfín ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣe Yúróòpù ní kàyéfì nígbà náà. Kò pẹ́ táwọn náà fi di ọ̀mu.

Ilẹ̀ tó gba ewé náà jù wà lápá ìwọ̀-oòrùn Kúbà, ní ìpínlẹ̀ Pinar del Río, ládùúgbò tí wọ́n ń pè ní Vuelta Abajo. Wọ́n á kọ́kọ́ gbin hóró ẹ̀ sílé ìtọ́jú, bó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje, wọ́n á lọ́ ọ lọ sóko. Nígbà tó bá di oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún, ìkórè dé nìyẹn. Wọn kì í fà á tu bí ẹ̀gẹ́ o. Ewé méjì, ewé mẹ́ta ni wọ́n ń já lẹ́ẹ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọ́n á sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó padà wá já òmíràn. Èyí tí wọ́n máa fi bo ẹ̀yìn tábà, ìyẹn ewé ìbora, aṣọ ni wọ́n ń ta lé e lórí lóko kí oòrùn má baà sọ ọ́ di líle.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á so ewé náà kọ́ sínú abà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, títí tí àwọ̀ ewéko á fi lọ tí àwọ̀ ilẹ̀ á fi dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á kó o jọ ní òkìtì òkìtì, wọ́n á bò ó, á sì máa gbóná fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń bo irú, tàbí bí àwọn àgbẹ̀ Oǹdó ṣe ń bo kòkó kó tó di pé wọ́n sá a, á ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Òórùn tó ń ta ni nímú bí ìtọ̀, ibẹ̀ ló ń bá lọ. Tábà tí wọn ò bò dáadáa, ojú ẹnu ló ti ń jẹ́wọ́. Ewé tó le jù nínú wọn, wọ́n á tún tọ́jú ẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán kó tó dọ́wọ́ ẹni tó ń wé e.

Oríṣi ewé mẹ́ta ló máa ń wà nínú ikùn tábà kan. Èyí tó wá láti orí igi ni wọ́n ń pè ní ligero, òun ló lágbára jù, òun ló sì ń pẹ́ jóná. Èyí tó wá láti àárín ni seco, òun ló ni òórùn dídùn. Èyí tó wá láti ìsàlẹ̀ ni volado, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kí iná má kú. Wọ́n á fi ewé kan di wọ́n pọ̀, wọ́n á wá fi ewé ìbora tó rẹwà jù wé gbogbo ẹ̀. Bí ọbẹ̀ ló rí. Kì í ṣe ata nìkan ló ń jẹ́ ọbẹ̀, kì í sì í ṣe epo nìkan. Bí ẹni tó ń sè é bá ṣe pín in sí ló máa ṣe dùn.

ỌWỌ́ NI WỌ́N FI Ń ṢE É, ETÍ SÌ Ń GBỌ́

Àwọn tó ń wé e, torcedor ni wọ́n ń pè wọ́n. Pátákó kan, ọbẹ pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ chaveta, àti oje igi díẹ̀ tí kò lóòórùn láti fi lẹ orí ẹ̀, irinṣẹ́ wọn ò ju ìyẹn lọ. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá yá á wé bí ọgọ́rùn-ún lóòjọ́ nínú èyí tí kò tóbi púpọ̀. Bó bá wé e le jù, èéfín ò ní í kọjá. Bó bá wé e dẹ̀ jù, á jóná kíákíá, á sì máa gbóná lẹ́nu. Ìka ọwọ́ nìkan ló mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Nǹkan kan wà nílé iṣẹ́ wọn tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́. Láti ọdún 1865, nílé iṣẹ́ El Fígaro ní Havana, làwọn tó ń wé tábà ti ní ẹnì kan tó ń kàwé sí wọn létí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀gá ló ń sanwó fún un nígbà yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ń dá owó jọ. Ìwé ìròyìn ni wọ́n ń kà, ìtàn gígùn ni wọ́n ń kà, ọ̀rọ̀ òṣèlú náà ò gbẹ́yìn. Ìjọba Spain tó ń ṣàkóso wọn rí i pé àwọn tó ń wé tábà ti ń gbọ́n jù, ló bá fòfin dè é lọ́dún 1866. Ṣùgbọ́n òfin ò pa á. Ó padà wá, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Orúkọ Montecristo tó gbajúmọ̀ jáde lọ́dún 1935, inú ìtàn tí Alexandre Dumas kọ nípa ọkùnrin tí wọ́n fi ẹ̀tàn jù sẹ́wọ̀n ni wọ́n ti mú un, nítorí ìtàn ọ̀hún làwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn jù láti máa gbọ́. Ẹni tó bá ń fi Montecristo ṣakọ lóde, ó yẹ kó mọ̀ pé inú ìtàn táwọn tálákà tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ràn ni orúkọ yẹn ti wá.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TỌ́ Ọ WÒ

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan pàtó: Partagás Serie D No. 4. Ọdún 1845 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Partagás sílẹ̀ ní Havana. Tábà yìí gùn ní mìlímítà 124, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 50, ìyẹn ìdá 50 nínú 64 ínǹsì kan. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó sanra. Òrùka pupa ló wà lọ́rùn ẹ̀. Àwọn tó mọ tábà kà á mọ́ àwọn tó lágbára, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gbé.

Ojú ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ewé ìbora gbọ́dọ̀ dán díẹ̀ bí awọ tí wọ́n fi òróró pa, kò gbọ́dọ̀ ya, iṣan ewé ò gbọ́dọ̀ yọ gòǹgò bíi tẹni tó ń bínú. Lẹ́yìn ojú, ó kan ọwọ́. Wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yẹ kó rọ díẹ̀, kó sì padà sípò. Bí ibì kan bá le bí òkúta tí ibòmíràn sì rọ̀ bí búrẹ́dì, ẹni tó wé e ti ṣe àṣìṣe. Bó bá ń dún fọ̀ọ́rọ̀fọ̀ọ́rọ̀ létí, ó ti gbẹ jù nìyẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e símú. Òórùn rere á máa bọ̀ bíi ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, bí igi kédárì, nígbà míì bí kòkó gbígbẹ.

Orí ẹ̀ ni wọ́n ń gé, díẹ̀ báyìí, kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Ẹni tó bá gé e jù, gbogbo ewé ìbora á tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí wọ́n tó ṣáná sí i, wọ́n á fà á lásán. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjá wọ́ọ́rọ́, ó dáa. Bó bá dà bí ẹni ń fa ẹ̀kọ gbígbóná látinú ike tóóró, wàhálà wà níwájú.

Iná pàápàá ní òfin tiẹ̀. Wọn kì í fi láítà tó ń lo epo bẹntiróò tàn án, nítorí òórùn epo á wọ inú ewé. Ìṣáná onígi gígùn, tàbí láítà onígáàsì ni wọ́n ń lò. Wọn kì í sì í ti ìdí ẹ̀ bọ inú iná. Òkè iná ni wọ́n á gbé e sí, wọ́n á máa yí i po títí gbogbo ẹnu ẹ̀ á fi pọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń fà á. Ẹni tó bá ń fà á fìn-ìn fìn-ìn bí ẹni tí mọ́tò ẹ̀ fẹ́ lọ, ó máa gbóná, ó máa korò. Èéfín ọ̀hún, ẹnu ló ń dúró sí. Wọn kì í gbé e mì sínú ẹ̀dọ̀fóró bíi ti sìgá.

Ìdá mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Ìdá kìíní jẹ́ ìkíni: nínú Partagás yìí, ata ló ń kọ́kọ́ kí ni, bí ata iyere tó ń ta ahọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdá kejì ni ara ń rọ̀. Adùn igi, kọfí tí kò ní ṣúgà àti awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìdá kẹta ni agbára dé. Gbogbo ohun tó ti kọjá nínú ewé ló ń kó jọ síbẹ̀, ẹni tí kò jẹun kó tó mu ún á rí i pé orí òun ń fò, inú òun sì ń rú. Nicotine ni wọ́n ń pe oògùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Eérú náà ń sọ̀rọ̀. Ojúlówó tábà tí wọ́n fi odindi ewé ṣe, eérú ẹ̀ á dúró gbọin, á gùn tó ìka kan kó tó já. Ayédèrú tí wọ́n fi àjákù rọ́ nínú, eérú ẹ̀ á máa bọ́ sórí agbádá kùṣúkùṣú. Iná ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jó yíká lọ́gbọọgba, kò gbọ́dọ̀ sáré lápá kan kó fi apá kejì sílẹ̀. Bí ó bá ti kù díẹ̀, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ pa bíi ti sìgá. Wọ́n á gbé e sílẹ̀, á kú fúnra ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ á ti gbà tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí wákàtí kan.

Àwọn tí wọ́n fi èyí ṣiṣẹ́ ṣe máa ń fún un ní máàkì nínú 100. Ìwé ìròyìn Cigar Aficionado tí Marvin Shanken dá sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1992 ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé. Ìrísí àti bí wọ́n ṣe wé e, adùn ẹ̀, bó ṣe ń jó, àti bó ṣe rí lápapọ̀ ni wọ́n ń wò. Èyí tó bá gba 90 sókè, àwọn ènìyàn á máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n ohun tó dáa jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ń bọ́ òrùka ọrùn ẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gbé e fẹ́ni tó máa tọ́ ọ wò. Ẹni náà ò ní í mọ̀ bóyá olówó iyebíye ni tàbí èyí tó pọ̀ lọ́jà. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn bọ̀rọ̀kìnní wa níbi ayẹyẹ, mélòó nínú wọn ló máa yege?

ÀWỌN ONÍGBÀJÚẸ̀ ÀTI ÀPÓTÍ ONÍGÍLÁÀSÌ

Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀gbẹ́ni kan rin ìrìn àjò lọ sí Havana. Bó ṣe ń rìn lójú pópó, ọmọkùnrin kan á sún mọ́ ọn, á ní ẹ̀gbọ́n òun ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tábà, wọ́n máa ń fún un ní díẹ̀ lóṣooṣù, òun lè bá a rí odindi àpótí kan ní owó pọ́ọ́kú. Ìtàn yìí ti di ogbó, gbogbo àlejò tó bá dé ìlú náà ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bó bá rà á, ó ti ra gbígbálẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tíjọba fọwọ́ sí ni ojúlówó wà.

Àmì wà lára àpótí ojúlówó. Ìwé èdìdì ìjọba aláwọ̀ ewé àti funfun gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀, wọ́n á ti fi irin gbígbóná tẹ ọ̀rọ̀ kan sára igi, tó túmọ̀ sí pé Kúbà ni wọ́n ti ṣe é, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é látòkè délẹ̀. Wọ́n á tún lu oṣù àti ọdún tí wọ́n dì í síbẹ̀. Nínú àpótí, àwọ̀ gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bára mu, nítorí ẹnì kan wà nílé iṣẹ́ tí iṣẹ́ tiẹ̀ kò ju kó ṣa wọ́n ní àwọ̀ àwọ̀. Bí èyí kan bá pọ́n tí èkejì dúdú, ẹ sá. Cohiba tí wọ́n kó sínú àpótí onígíláàsì, tí wọ́n ń rí i láti ìta, ayédèrú ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tó sì wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń rajà láìbéèrè nìyẹn.

Ẹlòmíràn á tún sọ pé Cohiba òun kì í ṣe ti Kúbà, ṣé ayédèrú ni? Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kúbà bẹ̀rẹ̀ Cohiba lọ́dún 1966 fún Fidel Castro àtàwọn àlejò ìjọba. Ọdún 1982 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fáráyé. Ilé iṣẹ́ mìíràn l'Amẹ́ríkà náà ti fi orúkọ yẹn sórúkọ òwò tiẹ̀, Dominican Republic ni wọ́n sì ti ń wé tiwọn. Orúkọ kan, ọjà méjì. Nígbà tíjọba Castro gba àwọn ilé iṣẹ́ tábà lọ́dún 1960, ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n sá lọ sílẹ̀ òkèèrè, wọ́n gbé ìmọ̀ wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà àti tábà Kúbà tilẹ̀ ní ẹ̀rín nínú. Pierre Salinger, tó jẹ́ agbẹnusọ fún Ààrẹ John Kennedy, ló sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 1962, ọ̀gá ẹ̀ pè é pé òun nílò tábà Petit Upmann, 1,000, kílẹ̀ tó mọ́. Salinger wá a kiri, ó rí 1,200. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Kennedy béèrè pé ṣó rí i, nígbà tó gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó fa ìwé kan jáde, ó fọwọ́ sí i. Òfin tó ní kí ọjà Kúbà kankan má wọ Amẹ́ríkà mọ́ nìyẹn! Àgbà tó ń se ilẹ̀kùn ọjà mọ́ aráàlú ti ra tiẹ̀ pamọ́. Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyí?

Ẹni tó bá sì ti rí ojúlówó, bó bá gbé e dé Nàìjíríà, wàhálà mìíràn ló kù. Tábà wíwé ń fẹ́ ọ̀rinrin tó tó 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Atẹ́gùn ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ bí ẹja. Ẹ̀rọ amúlétutù á gbẹ ẹ́. Fíríìjì náà á gbẹ ẹ́, á tún kó òórùn ọbẹ̀ sí i. Bí ooru bá sì pọ̀ jù, kòkòrò kékeré kan wà tí ẹyin ẹ̀ ti sùn sínú ewé, á pa, á máa gbẹ́ ihò kiri nínú ẹ̀. Ìyẹn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń lo àpótí igi kédárì tó sé dáadáa. Kéèyàn fi ohun olówó ńlá sínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọ̀sẹ̀, kó wá máa ní ó ń korò, ta ló fẹ́ bá wí?

OHUN TÓ SO ỌMỌ YORÙBÁ PỌ̀ MỌ́ Ọ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Láyé òwò ẹrú, tábà Bahia láti Brazil, tí wọ́n lọ́ bí okùn, tí wọ́n fi oje ìrèké pa lára, jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń ra èèyàn ní etíkun wa, láti Àjàṣẹ́ dé Àgbádárìgì dé Èkó. Èyí tí kò dáa tó láti tà fáwọn òyìnbó lókè òkun ni wọ́n ń kó wá síbí. Èéfín ni wọ́n fi pààrọ̀ ọmọ ẹni ẹlẹ́ni.

Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ ilé tú, tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ni wọ́n kó dé Kúbà. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Oko ìrèké ló gba ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọdún 1886 ni oko ẹrú tó kásẹ̀ ńlẹ̀ ní Kúbà. Ṣùgbọ́n wọ́n kó òrìṣà wọn dání, òrìṣà náà sì kọ́ àṣà ìlú tuntun. Di òní, bí àwọn ẹlẹ́sìn Lukumí bá fẹ́ bọ Ẹlẹ́gbára, wọ́n á fi tábà wíwé sílẹ̀ fún un, wọ́n á sì fẹ́ èéfín ẹ̀ sí i lára pẹ̀lú ọtí. Ògún náà ń gba tiẹ̀. Ìyẹn ni pé tábà tí bọ̀rọ̀kìnní ń fi ṣakọ l'Ékòó, ẹbọ ni lọ́wọ́ ọmọ ìyá ẹ̀ ní Havana.

GBÈSÈ TÓ WÀ NÍNÚ Ẹ̀

Ẹnu ti ròyìn adùn, ó yẹ kó ròyìn ikú. Àwọn kan máa ń sọ pé tábà wíwé ò léwu bíi sìgá, wọ́n ní àwọn kì í gbé èéfín mì. Irọ́ ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 1998, àjọ tó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ l'Amẹ́ríkà gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ẹ̀. Wọ́n ní ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀nà ọ̀fun, ti gògóńgò àti ti ẹ̀dọ̀fóró. Ewé tó wà nínú ẹyọ kan tó tóbi lè tó ti odindi páálí sìgá kan. Èéfín ẹ̀ kò sì nílò kéèyàn gbé e mì, awọ inú ẹnu ló ń fa nicotine ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wo Ulysses Grant, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó di ààrẹ. Nígbà tó ṣẹ́gun lọ́dún 1862, ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé tábà wà lẹ́nu ẹ̀ lójú ogun, làwọn olólùfẹ́ ẹ̀ bá ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é. Ó mu ún, mímu ọ̀hún di bárakú, jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló pa á lọ́dún 1885. Ẹ tún wo Sigmund Freud, dókítà tó mọ inú ọpọlọ ẹlòmíràn. Ọdún 1923 ni wọ́n rí jẹjẹrẹ lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ju ọgbọ̀n ìgbà lọ, síbẹ̀ kò lè gbé tábà sílẹ̀, ó kú lọ́dún 1939. Castro pàápàá, tí tábà di àmì ìdánimọ̀ ẹ̀ káàkiri ayé, ọdún 1985 ló jáwọ́ ńbẹ̀, torí pé ó fẹ́ kí aráàlú ẹ̀ náà jáwọ́. Ẹni tó ń ta á fún ayé ló gbé e sílẹ̀ fúnra ẹ̀!

Àwọn tó ń jókòó ti olówó níbi ayẹyẹ náà ń mu nínú ẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ kiri, ọmọ tó ń lu ìlù, ìyá arúgbó tó wá bá wọn yọ̀, kò sí èyí tó sanwó tábà nínú wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń fa èéfín. Òfin tábà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015 ti ka mímu ún nínú ọ̀pọ̀ ibi táráàlú ń kóra jọ sí léèwọ̀, ó sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ tà á fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18. Mélòó nínú àwọn onígbọ̀ngàn ló ń rántí, nígbà tí olówó bá ti fọwọ́ sọ́mú náírà?

Ní Pinar del Río, ìjì líle tí wọ́n pè ní Ian jà lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ó wó ẹgbẹẹgbẹ̀rún abà tí wọ́n ń gbẹ ewé sí. Lọ́dún náà gan-an ni owó Cohiba tún fò sókè káàkiri ayé. Àgbẹ̀ tí abà ẹ̀ wó ń wá pátákó àti páànù kiri, olówó tó fẹ́ ṣakọ sì ń wá Cohiba kiri lówó gọbọi. Méjèèjì kò mọra.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ mọ tábà Havana, kó mọ̀ ọ́n. Kó mọ ilẹ̀ ẹ̀, kó mọ ọwọ́ tó wé e, kó mọ ẹni tó ń kàwé síni létí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó mọ ojúlówó yàtọ̀ sí gbígbálẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa yẹ ní yíyìn, ibi yòówù kó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tí ì bẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tó ń lé e. Ẹni tó sì ti bẹ̀rẹ̀, kó rántí pé owó tó san ní ṣọ́ọ̀bù, ìdajì gbèsè ni. Ìyókù, ara ló ń san án, ara kì í sì í gba ẹ̀dínwó. Òrùka pupa tó wà lọ́rùn tábà, wọ́n ń bọ́ ọ kúrò kí wọ́n tó fún un ní máàkì. Ó yẹ kí ẹ̀dá náà lè bọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ nígbà míì, kó bi ara ẹ̀ pé: bí kò bá sí ẹni tó ń wo òun, ṣé òun á ṣáná sí èyí?